Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà, ẹ̀kọ́ kan náà, ìdáhùn méjì

LẸ́TÀ

Ẹ̀gbọ́n, Winnipeg ní Kánádà ni mo wà. Oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni mo kọ̀wé béèrè fún àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́, mo sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba kan ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Dípólómà ọlọ́dún méjì nínú ìmọ̀ okòwò ni mò ń ṣe, oṣù Kẹrin yìí ni màá sì parí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń sọ pé wọn ò fún ẹni tó kọ́ ìmọ̀ okòwò ní PGWP mọ́, ìyẹn ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí à ń gbà lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Éjẹ́ńtì kan ní kí n mú 1,500 dọ́là wá, òun á bá mi tún un ṣe. Ìwé ìrìnnà mi á tán lóṣù Kejì ọdún tó ń bọ̀. Àbúrò mi obìnrin tó wà n'Ìbàdàn, tó ti gboyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, náà ti ń múra láti wá ṣe ẹ̀kọ́ yìí gan-an, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí gan-an. Bàbá wa ti ta ilẹ̀ kan nítorí rẹ̀. Kí ni ká ṣe?

Ọmọ Ìbàdàn ní Winnipeg

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀ ná. Òótọ́ wà nínú ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ń sọ, àmọ́ ìwọ kọ́ lọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Àbúrò rẹ tó wà nílé ló ń bá wí.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni ààlà. Ẹni tó bá ti béèrè fún àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú ọjọ́ náà, wọn ò ní bi í pé ẹ̀kọ́ wo ló kọ́. Ẹni tó bá béèrè láti ọjọ́ náà lọ, tí kì í sì í ṣe oyè yunifásítì ló fẹ́ gbà, ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí ìjọba Kánádà tò sílẹ̀: ìtọ́jú aláìsàn, iṣẹ́ ọwọ́ bíi ti oníwáyà iná, iṣẹ́ àgbẹ̀, sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ìrìnnà, ẹ̀kọ́ olùkọ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Dípólómà okòwò bíi tìrẹ kò sí níbẹ̀. Oṣù Kẹfà ni ìwọ béèrè, o ti wọlé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ pé sáà kọ̀ọ̀kan lo fi ṣe ẹ̀kọ́ rẹ ní kíkún (wọ́n gbójú fo sáà tó gbẹ̀yìn), ọdún mẹ́ta gbáko ni àṣẹ iṣẹ́ tó tọ́ sí ẹni tó ṣe ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì.

Àmọ́ nǹkan mẹ́ta wà tó lè gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́.

Èkíní ni Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ kan náà yẹn, gbogbo ẹni tó bá ń béèrè fún PGWP ló gbọ́dọ̀ fi èsì ìdánwò èdè sí i. CLB ni òṣùwọ̀n tí Kánádà fi ń wọn ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì: CLB 5 ni ti ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, CLB 7 ni ti ẹni tó gboyè yunifásítì. Má sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni ọ́, wọn ò gba ìyẹn. Wọ́n nà wá nílé ìwé pé a sọ Yorùbá, ní báyìí a tún máa sanwó kí wọ́n tó gbà pé a gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì! Wo èsì IELTS tó wà lọ́wọ́ rẹ dáadáa: bó bá jẹ́ Academic tí o fi wọ ilé ìwé ni, kò wúlò níbí. General Training ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n tún ń gba CELPIP àti PTE Core. Nínú IELTS, CLB 5 túmọ̀ sí 4.0 nínú ìwé kíkà àti 5.0 nínú mẹ́ta yòókù. Èsì náà ò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún méjì lọ.

Èkejì ni ìwé ìrìnnà rẹ. Ọjọ́ tó bá tán ni wọ́n máa kọ sórí àṣẹ iṣẹ́ rẹ. Ọdún mẹ́ta tó tọ́ sí ọ á wá di oṣù díẹ̀, wàá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé béèrè fún ìyókù. Tètè lọ gba tuntun.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ kíkà, ibẹ̀ ló ti ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan parí lóṣù Kẹrin, ó ní òun ń dúró de ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, kóun lè wọ gáùn, kóun ya fọ́tò, kóun sì fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́. Oṣù Kọkànlá ni ayẹyẹ wọn. Kí gáùn tó dé ọrùn rẹ̀, àyè ti pa dé. 180 ọjọ́ ni òfin fún ọ, àmọ́ ọjọ́ tí ilé ìwé bá ti fi lẹ́tà tàbí èsì tó fi hàn pé o ti parí ránṣẹ́ ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ ayẹyẹ. Ìyẹn nìkan kọ́: lẹ́yìn 90 ọjọ́ tí o bá parí ẹ̀kọ́, àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ ti kú, kódà bí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ kò bá tíì pé. Nítorí náà, má gbọ́kàn lé 180. Àìtètèmólè, olè ń mú olóko. Lọ́sẹ̀ tí lẹ́tà bá dé ni kí o fi ìwé ránṣẹ́. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé, sinmi iṣẹ́ títí wàá fi fi ìwé ránṣẹ́. Bí o bá ti fi í ránṣẹ́ kí àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ tó kú, o lè ṣiṣẹ́ ní kíkún nígbà tí o bá ń retí èsì.

Ní ti éjẹ́ńtì rẹ, kí ló fẹ́ tún ṣe? Kò sí ohun tó bàjẹ́. 255 dọ́là ni owó ìjọba, ìwọ fúnra rẹ lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí o bá fẹ́ olùrànlọ́wọ́, agbẹjọ́rò tàbí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé College of Immigration and Citizenship Consultants ni kí o wá.

Ó ku àbúrò rẹ. Bó bá tẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ, á lo ọdún méjì, á náwó ilẹ̀ Bàbá tán, kò sì ní rí PGWP gbà. Ó ti gboyè àkọ́kọ́, kí ló dé tí kò fi wá oyè másítà? Òfin ẹ̀kọ́ tí a tò sílẹ̀ kò kan oyè yunifásítì. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 sì ni ẹni tó bá ṣe másítà tí kò dín ní oṣù mẹ́jọ ti lè gba ọdún mẹ́ta. Kó má gbà fún ẹni tó bá ní kó kọ́kọ́ ṣe sátífíkéètì kékeré kan ná: ẹ̀ẹ̀kan péré láyé ẹni ni wọ́n ń fúnni ní PGWP, oṣù díẹ̀ yẹn á sì ti gbé e lọ. Kó sì rí i dájú pé ilé ìwé náà wà lára àwọn tí ìwé ẹ̀rí wọn ń jẹ́ kéèyàn gba PGWP, torí pé kì í ṣe gbogbo ilé ìwé tó ń gba ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ló wà níbẹ̀.

Pe Bàbá lálẹ́ òní. Ilẹ̀ ti lọ, àmọ́ owó rẹ̀ ò tíì kúrò nílé.