Èdè Ìperí fún Ìwádìí Òwò Àdúgbò: Ta Ni A Kà, Ta Ni A Gbàgbé?

1. Ìfáárà

Bí ìjọba ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ilé-ẹ̀kọ́ gíga bá fẹ́ gbé ètò ọrọ̀-ajé àdúgbò kan lárugẹ, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ni irú òwò tí ó wà níbẹ̀, iye ènìyàn tí ń ṣe é, àti ohun tí ń dí wọn lọ́wọ́. Ìwé ìbéèrè ni a fi ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà fi ń kọ ọ́. Ẹni tí a bá rán lọ sí ọjà ni yóò máa túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí òye rẹ̀ bá ti mọ. Olùbéèrè mẹ́wàá lè tipa bẹ́ẹ̀ béèrè ohun mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì ro ìdáhùn wọn pọ̀ bí ẹni pé ohun kan náà ni.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí irú ìwádìí yìí nílò ti wà lẹ́nu àwọn oníṣòwò fúnra wọn. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè ni láti pààlà sí ìtumọ̀ wọn, kì í ṣe láti fi ọ̀rọ̀ tuntun lé wọn kúrò. Iṣẹ́ àdìrẹ ní Ìtòkú, ní ìlú Abẹ́òkúta, ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ.

2. Òwò, iṣẹ́ àti ilé-iṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí a wo ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí:

(1) a. Ṣé ẹ ní ilé-iṣẹ́?
    b. Iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe?
    d. Kí ni gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe tí ń mú owó wọlé fún yín?

Obìnrin tí ń rẹ aṣọ láró lẹ́yìnkùlé yóò dáhùn (1a) pé òun kò ní, nítorí pé lójú tirẹ̀, ibi tí ó ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà ni ilé-iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ tí ń rẹ aṣọ ní òpin ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ nìkan ni yóò fi dáhùn (1b). Ìbéèrè (1d) ni ó lè mú aró náà jáde. A dámọ̀ràn pé kí a lo *òwò* nínú ìjábọ̀ fún gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe láti jèrè, kí *ilé-iṣẹ́* sì dúró fún ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ nìkan. Ṣùgbọ́n (1d) ni kí a fi béèrè, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ nínú ìjábọ̀ lè má tọ́ lẹ́nu ọ̀nà olùdáhùn.

Ìṣòro kejì ni iye. Ọ̀rọ̀ náà *àdìrẹ* fúnra rẹ̀ sọ iṣẹ́ méjì: dídì àti rírẹ. Láti ayé àtijọ́ ni aládìrẹ ti ń di aṣọ, tàbí tí ó ń fi ẹ̀kọ ya ọnà sí i, tí aláró sì ń bá a rẹ ẹ́ kí ó tó dọ́jà. Aṣọ kan ni. Òwò mélòó ni? A dámọ̀ràn *ẹyọ òwò*, èyí tí í ṣe iṣẹ́ tí èrè àti àdánù rẹ̀ wà lọ́rùn ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan. Nípa báyìí, aláró tí ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ òwò kan lọ́tọ̀. Ẹni tí a ń sanwó ojúmọ́ fún kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

3. Òṣìṣẹ́ àti ọmọ-iṣẹ́

Nínú ìwádìí tí àjọ NBS àti àjọ SMEDAN ṣe ní ọdún 2017, iye òṣìṣẹ́ ni a fi pín òwò sí ọ̀wọ́. Èyí tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 10 ni a óò pè ní *òwò bíńtín*. Èyí tí ó ní 10 sí 49 ni *òwò kékeré*. Èyí tí ó ní 50 sí 199 ni *òwò alábọ́dé*. Wọ́n ṣírò òwò 41,543,028 ní gbogbo Nàìjíríà. 41,469,947 nínú wọn ni ó jẹ́ òwò bíńtín.

Ta wá ni òṣìṣẹ́? Ká ní aládìrẹ kan ní ọmọ-iṣẹ́ mẹ́fà, alágbàṣe mẹ́ta, àti ọmọ bíbí méjì tí ń ràn án lọ́wọ́. Yóò dáhùn pé òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni òun ní, nítorí pé òun kò sanwó fún àwọn yòókù. Òwò bíńtín ni tirẹ̀ nìyẹn. Bí a bá ka gbogbo wọn, wọ́n di 11. Òwò kékeré ni. Bí owó-yíyá bá wà fún ọ̀wọ́ kan tí kò sí fún èkejì, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò pinnu ẹni tí yóò rí i gbà. Nítorí náà, kí a má ṣe béèrè iye òṣìṣẹ́ lápapọ̀. Kí a béèrè iye *òṣìṣẹ́ olówó-oṣù*, *alágbàṣe*, *ọmọ-iṣẹ́* àti *ará ilé* ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

4. Ojú owó, iye ìtajà àti èrè

“Èló ni ẹ ń rí lójúmọ́?” Ìbéèrè yìí pọ́n sí ọ̀nà méjì. Bí ènìyàn bá ta aṣọ ₦60,000, tí ó sì ti ná ₦48,000 lórí aṣọ funfun, aró àti owó iṣẹ́, ó lè dáhùn pé ₦60,000 ni tàbí ₦12,000, kò purọ́. Àwọn ọlọ́jà kì í ṣi ìyàtọ̀ yìí mú: wọ́n ní *ojú owó*, wọ́n ní *èrè*, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá jẹ ojú owó ti ba òwò rẹ̀ jẹ́. Ohun tí ó kù ni kí a fi *iye ìtajà* kún un fún gbogbo owó ọjà tí a tà.

5. Ìkà, ìwádìí àti ìfọkàntán

Yorùbá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ yìí ju òwe lọ. Láti ọdún 1918 ni a ti ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ ní tiwọn. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sì ṣáájú wọn láti tako ó ní ọdún 1947, títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ẹni tí ó bá bi aládìrẹ léèrè iye tí ń wọlé fún un, ẹ̀yìn ìtàn yìí ni ó ti ń béèrè. *Ìwádìí* pàápàá kò mọ́ tán, nítorí pé ọlọ́pàá náà ń ṣe é.

Síbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó lè wẹ èyí nù. Kí gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìwé ìbéèrè sọ ẹni tí ń béèrè, ohun tí a fẹ́ fi ìdáhùn ṣe, àti pé kì í ṣe ti owó orí. Kí ó sì rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a dá *ìjábọ̀* padà sí ọjà ní èdè Yorùbá.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni a ṣẹ̀dá. Èkíní ni *ìkàtán* (ì + kà + tán), fún ìwádìí tí kò yọ òwò kankan sílẹ̀. Èkejì ni *ìwádìí aláṣàyàn*, fún èyí tí a fi ìwọ̀nba òwò ṣojú ìyókù. Ẹnu oníṣòwò ni a ti mú púpọ̀ nínú ìyókù. A rọ àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè kí wọ́n gbé wọn lọ sí ọjà tí ó súnmọ́ wọn, kí wọ́n dán wọn wò níbẹ̀. Èyí tí àwọn ọlọ́jà bá kọ̀, kí a tún un ṣe. Àwọn ni a fẹ́ kà.