Àpótí Ìmọ̀: Amarone, wáìnì tí a fi àjàrà sísá ṣe

Ní Valpolicella, agbègbè olókè tó wà lẹ́bàá Verona ní àríwá Ítálì, wọn kì í fún àjàrà Amarone lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ká a. Corvina, Corvinone àti Rondinella ni àjàrà tó ṣe kókó jù níbẹ̀. Wọ́n á ṣa ṣírí tó gún régé, wọ́n á tò ó sórí àtẹ ọparun tàbí sínú àpótí tí kò jìn, nínú yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí dáadáa. Yóò wà níbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Àmójútó ojoojúmọ́ ni, nítorí bí ọ̀rinrin bá pọ̀, èso á bu, á sì jẹrà. Omi á máa gbẹ, ṣúgà á máa ki sí i, títí kílò 100 yóò fi ku bíi kílò 60 sí 70.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá fún un ni ìwúkàrà á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ṣúgà náà, tí yóò sì sọ ọ́ di ọtí. Bí wọ́n bá dá a dúró lágbede méjì, wáìnì aládùn tó ń jẹ́ Recioto ni wọ́n máa rí. Amarone ni èyí tí ìwúkàrà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ṣúgà rẹ̀ tán. Ìdí nìyí tí kì í fi í dùn bí oyin, tó sì le: òfin ní ọtí inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 14 nínú 100. Ó kéré tán, á lo ọdún méjì kí wọ́n tó tà á. Owó rẹ̀ wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2010 ló ti wà ní ipò DOCG, ipò tó ga jù fún wáìnì ní Ítálì.