Àmì Ìdádúró Tí Ètò Kọ̀ǹpútà Ń Sá Kọjá

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi èdè C kọ́ ìṣètò kọ̀ǹpútà ní Abaji, ẹ mọ ọ̀nà tó ti Gwagwalada gba Kwali, tó gba ọ̀dọ̀ yín kọjá lọ sí Lọ́kọ́ja. Bí sójà bá gbé igi dínà ní Abaji, ọkọ̀ tó gba ibẹ̀ á dúró, wọn á yẹ inú rẹ̀ wò. Irú igi bẹ́ẹ̀ ni àmì ìdádúró tí ẹ ń fi sórí ìlà kóòdù nínú GDB, irinṣẹ́ ìtọ́pa àṣìṣe tí Richard Stallman kọ́kọ́ kọ ní 1986. Ọkọ̀ tí kò gba Abaji ńkọ́? Ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn.

Ká ní orí ìlà 42 ni ẹ fẹ́ fi àmì sí: kọ̀ǹpútà kò mọ ìlà 42 tí ẹ ń wò. Kọ̀ǹpáílà, ètò tó ń sọ kóòdù yín di èdè ẹ̀rọ, ti sọ ìlà náà di àwọn àṣẹ kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àdírẹ́sì tirẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì. Bí ẹ bá tẹ break 42, GDB á wá àdírẹ́sì náà kàn. Lórí ẹ̀rọ Intel, yóò fi 0xCC rọ́pò báìtì tó wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti kan 0xCC, ó dúró nìyẹn. Àdírẹ́sì ni àmì ń gbé, kì í gbé orí ìlà. Bí èyí kò bá tíì yé yín, ẹ tún un kà, torí òun ni ìyókù dúró lé.

Ta ló wá ń sọ àdírẹ́sì fún GDB? Àkọsílẹ̀ tí gcc, kọ̀ǹpáílà yín, ń fi sínú ètò bí ẹ bá lo -g ni:

gcc -g -O0 isiro.c -o isiro

Bí ẹ bá gbàgbé -g, GDB á ní No symbol table is loaded, á sì bi yín bóyá kí àmì náà dúró de ìgbà mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ á yára tẹ y, ètò á sáré dópin, akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa bú GDB! Ṣé ẹ rí i pé ó ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀?

Ìdí mìíràn tí ètò fi ń sá àmì kọjá, èyí tó ń dààmú èèyàn jù, rọrùn gan-an: ẹ fi ìlà mẹ́ta kún kóòdù, ẹ ò sì tún un kọ́ pẹ̀lú gcc. Ìlà 42 ojú yín àti ìlà 42 inú ètò ti di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wá ìkìlọ̀ Source file is more recent than executable. Ṣé a ṣì jọ ń lọ?

Ó wá kan èyí tó le. Bí ẹ bá lo -O2 dípò -O0 tó wà lókè, ẹ ti gba kọ̀ǹpáílà láyè láti tún kóòdù tò kó lè yára. Ó lè lọ́ ìlà pọ̀ mọ́ra, ó sì lè pa òmíràn rẹ́ pátápátá. Ìlà tó ti pa rẹ́ kò ní àdírẹ́sì, nítorí náà GDB á sún àmì síwájú. Ẹ ka èsì rẹ̀: bí ẹ bá béèrè 42 tó sì dáhùn line 45, ó ti sọ òótọ́ fún yín. Ẹ padà sí -O0, kí ẹ fi èsì méjèèjì wéra. Ṣé ìyàtọ̀ náà hàn?

Bí gbogbo èyí bá pé tí ètò kò sì dúró, ẹ tẹ break main, lẹ́yìn náà run. Bó bá dúró ní main, ẹ máa tẹ next níkọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo ibi tó ń yà sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ó rí i pé if kan lókè ìlà yín kò jẹ́ kó débẹ̀ rárá: òun ni ọkọ̀ tí kò gba Abaji. If yẹn gan-an ni kí ẹ tún ṣe.