"Iṣan" àti "Ìṣàn": Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ fún Wíwá Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Lábẹ́ Awọ

Ọ̀rọ̀ tó gbòòrò ni "iṣan". Ohun tó ń fa agbábọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀, iṣan ni; ohun tó yọ lọ́rùn ẹni tó ń pariwo, iṣan ni; èyí tí nọ́ọ̀sì ń wá kó tó fa omi sí aláìsàn lára, iṣan náà ni. Nínú ọ̀rọ̀ ìlera, "iṣan ẹ̀jẹ̀" ló ń yanjú rẹ̀. Bí ó bá di dandan láti yà wọ́n sọ́tọ̀, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn ni "iṣan àlọ", èyí tó ń dá a padà ni "iṣan àbọ̀". Iṣan àbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gún láti gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò.

"Ìṣàn", tó ní ohùn ìsàlẹ̀, yàtọ̀. Ara "ṣàn", ìṣe omi odò, ló ti wá. "Nọ́ọ̀sì ń wá ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà" kò tọ̀nà, iṣan ló ń wá. "Dókítà ń wo ìṣàn ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan náà" tọ̀nà.

Iṣan máa ń sá pamọ́ lára ọmọ ọwọ́, ẹni tó sanra àti ẹni tí omi ara rẹ̀ gbẹ. Fún ọmọ ọwọ́, wọ́n lè tan iná sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ láti abẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kí iṣan lè hàn dúdú. Ẹ̀rọ mìíràn ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú kò rí, sí awọ. Ẹran ara ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà, ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé e mì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti padà ni kámẹ́rà ń rí ní dúdú. Ẹ̀rọ náà á wá tan àwòrán yẹn sórí awọ gan-an, lórí ibi tí iṣan wà. Kì í sábà ṣiṣẹ́ kọjá nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Àṣìwí ni láti pè é ní "ẹ̀rọ X-ray", nítorí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Fún iṣan tó jìn, ultrasound ni wọ́n ń lò. Ìró ló ń lò, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Ìró náà ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tí etí kò fi gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ ẹ̀rọ náà tẹ awọ díẹ̀, iṣan àbọ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n iṣan àlọ á máa sọ kìkì. "Sọ" ni ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá iṣan àlọ mu, bí wọ́n ṣe ń sọ pé àyà ń sọ.

Ó ku "wò", "fi hàn" àti "ya àwòrán". Dókítà ló ń wo iṣan. Ẹ̀rọ ló ń fi í hàn. "Ya àwòrán" dára jù níbi tí àwòrán bá ṣẹ́ kù tí a lè tọ́jú, bí ìgbà tí wọ́n fa oògùn tí X-ray ń rí sínú iṣan, tí wọ́n sì ya á.