Ẹni Tó Gba Epo Sílẹ̀

Ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Àwa tí à ń fi orúkọ wa sórí iṣẹ́ ìwádìí tí a kò mọ orísun rẹ̀, àti àwọn olóòtú jọ́nà tó ń gbà á lọ́wọ́ wa tẹ̀ jáde, àwa gan-an ni òwe yìí ń bá wí.

Ẹ rántí ọdún 2020, nígbà tí kòrónà gbòde. Lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún, The Lancet, jọ́nà ìṣègùn tó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1823, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ aláìsàn 96,032 láti ilé ìwòsàn 671 fi hàn pé àwọn tó lo oògùn hydroxychloroquine ló ń kú jù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ìdánwò oògùn náà dúró. Lọ́dọ̀ tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, ọ̀gá àgbà NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn, ní ìdánwò ti Nàìjíríà yóò máa bá a lọ.

Ibo ni àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ náà ti wá? Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà, Surgisphere, ló ní òun kó o jọ, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó kọ ìwádìí náà ló sì ni ilé iṣẹ́ ọ̀hún. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n ìròyìn ni àwọn yòókù gbà. Àwọn òǹkàwé ló já a. Ìwádìí náà ní ènìyàn 73 ti kú ní ilé ìwòsàn márùn-ún ní Australia títí di ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin. Gbogbo òkú kòrónà orílẹ̀-èdè náà lọ́jọ́ yẹn kò ju 67 lọ. Nígbà tí àwọn mẹ́ta yòókù wá ní kí àwọn ẹlòmíì yẹ àkọsílẹ̀ náà wò, Surgisphere fàáké kọ́rí. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà, Lancet fa ìwádìí náà sẹ́yìn. Mandeep Mehra, gbajúmọ̀ oníṣègùn ọkàn ní Boston tó ṣíwájú àwọn mẹ́rin náà, tọrọ àforíjì ní gbangba.

Lọ́jọ́ kejì gan-an, àwọn olùwádìí tó ń ṣe ìdánwò RECOVERY ní Oxford kéde pé oògùn náà kò ran aláìsàn kòrónà lọ́wọ́ lóòótọ́. Ẹnìkan lè wá sọ pé ṣebí Lancet kò jìnnà sóòótọ́. Rárá o. Àwọn tó ti ń sọ pé àwọn dókítà ń parọ́ mọ́ oògùn náà ti rí ẹ̀rí mú lọ́wọ́, òótọ́ Oxford kò sì wọ̀ wọ́n létí mọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Jọ́nà tó ti sún mọ́ igba ọdún nígbà náà ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè, kì í ṣe òǹkàwé. Oṣù Kẹsàn-án ni Lancet tó ṣòfin pé ó kéré tán òǹkọ̀wé méjì gbọ́dọ̀ fojú ara wọn rí àkọsílẹ̀, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní yunifásítì tiwa, ọ̀rọ̀ kì í sábà tó báyẹn. Ìgbéga ló ń lé wa: fi orúkọ mi sí tìrẹ, màá fi tìrẹ sí tèmi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ jọ kọ iṣẹ́ lè kó fọ́ọ̀mù ìbéèrè igba wá, kó ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn lòun ti pín in. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ṣé bírò kan náà ló kún gbogbo rẹ̀? Ṣé àmì ìdáhùn tò gbọọrọ sójú kan láti òkè délẹ̀? Bébà tó dé ọjà Bódìjà ní láti ká létí díẹ̀, kó sì ní ìka epo lára.

Bó bá jẹ́ ọ̀gá yín ló ni iṣẹ́ náà, ẹ rọra wí pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n rí fọ́ọ̀mù náà, kí n lè rí nǹkan sọ bí wọ́n bá bi mí.” Bí wọn kò bá gbà, ẹ ní kí wọ́n yọ orúkọ yín kí iṣẹ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ olóòtú. Bó bá ti débẹ̀, ọ̀pọ̀ jọ́nà kì í yọ orúkọ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé gbogbo àwọn tó kọ ọ́ buwọ́ lùwé, títí kan ọ̀gá náà.