Ìrìn Ọjọ́ Kan sí Omi Òwu

Ní ilẹ̀ àwọn Òyìnbó, ìgbà kan wà lẹ́yìn òtútù tí òjò dídì ń yọ́, tí igi ń rúwé, tí odò sì ń kún. Ìgbà náà ni wọ́n fẹ́ràn láti fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí orí òkè àti etí omi. Òjò dídì kì í bọ́ sí Ọ̀sì tàbí Ìlọ́fà, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ pẹ̀lú ní ìgbà ìrúwé tiwọn. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà tàbí Igbe, ilẹ̀ tí iná ẹ̀ẹ̀rùn ti jó dúdú a bẹ̀rẹ̀ sí í hu koríko tútù, èso igbá a so rọ̀ lórí igi, àwọn àgbẹ̀ a sì wà lẹ́nu ebè. Ìgbà yìí ni ó dára jù láti lọ wo omi Òwu.

Ọ̀wá Kájọlà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, Ìpínlẹ̀ Kwara, ni omi yìí wà. Ọ̀nà jìn láti Ọ̀sì. Nítorí náà ọkọ̀ ni a óò wọ̀ ní apá tí ó pọ̀ jù, ẹsẹ̀ ni a óò sì fi parí ìrìn náà nínú igbó. Etí ni í kọ́kọ́ rí omi tí ń já, kí ojú tó rí i.

Láti orí àpáta gíga ni omi náà ti ń já sínú adágún ní ìsàlẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó ga jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn tí ó kọ nípa rẹ̀ sábà máa ń sọ pé gíga rẹ̀ jẹ́ 120 mítà, wọn a sì fi kún un pé èyí jẹ́ 330 ẹsẹ̀ bàtà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò bára mu: 120 mítà sún mọ́ 394 ẹsẹ̀ bàtà, 330 ẹsẹ̀ bàtà kò sì ju nǹkan bí 100 mítà lọ. Ẹnì kan ṣì í kọ, àwọn yòókù sì dà á kọ. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ 100 mítà, kì í ṣe kékeré. Mosi-oa-Tunya, omi ńlá ààlà Zambia àti Zimbabwe tí Livingstone rí ní 1855, kò ga ju 108 mítà lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fífẹ̀ rẹ̀ ju ti Òwu lọ lọ́nà púpọ̀.

Ẹni tí ó bá dúró létí adágún náà yóò mọ òtútù lára ní ọ̀sán gangan. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹbọra. Omi tí ó já láti ibi gíga a fọ́ sí wẹ́wẹ́; ìkùukùu rẹ̀ a máa gbẹ sínú afẹ́fẹ́, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń gba ooru. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni omi inú àmù ṣe ń tutù: díẹ̀ a yọ lára amọ̀, a sì gbẹ lọ pẹ̀lú ooru.

Ohun tí ó yẹ kí á wò jù kò sí ní ìsàlẹ̀ rárá. Orí òkè ni ó wà. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sí òkè tí igi bò, ilẹ̀ tí ó kún fún ewé jíjẹrà àti gbòǹgbò a fa omi náà mu bí òwú. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa sun ún jáde fún ọ̀pọ̀ oṣù, èyí ni kì í jẹ́ kí odò tètè gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Bí àwọn aṣèédú bá gé igi tán, òjò kan náà yóò ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò gbé erùpẹ̀ oko lọ, àpáta yóò sì gbẹ kí ọyẹ́ tó dé. Aṣèédú ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò pẹ̀lú ní ọmọ.

Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ lè tan ènìyàn jẹ. Àpáta tí ewédò bò a máa yọ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lúwẹ̀ẹ́ ní abẹ́ ibi tí omi ti ń já. Òjò lè máa rọ̀ lórí òkè nígbà tí oòrùn ń ràn létí adágún. Bí omi tí ó mọ́ bá ṣàdédé pọ́n, tí ewé àti ẹ̀ka igi bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó wá, kí olúkúlùkù sáré gun ibi gíga. Kí ó má padà mú bàtà. Ọ̀sán ni òjò àkọ́rọ̀ sábà máa ń ṣú, a sì rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìjì. Nítorí náà kùtùkùtù ni kí á gbéra, kí ẹsẹ̀ sì ti wà lójú ọ̀nà ilé kí agogo méjì ọ̀sán tó lù.