Owó, òwò, ọwọ́: Ẹ̀kọ́ tó wà fún oníṣòwò Ọ̀tà nínú iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Yorùbá



Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù yín lọ́la, tó ní òun ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, pé wọ́n ń sanwó fún òun lóṣooṣù láti máa kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe ka ìwé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò rẹ́rìn-ín, tí yóò sì béèrè pé, ṣé iṣẹ́ gidi nìyẹn? Iṣẹ́ gidi ni o, owó sì wà nínú rẹ̀. Ìdí tó fi kan ẹni tó ń se ọṣẹ tàbí ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí.

Ní ilẹ̀ Ireland, àwọn ìwé kan wà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ní èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó kọ wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ kan náà ní oríṣi mẹ́ta sínú ìwé kan ṣoṣo. Ìjọba ibẹ̀ àti àwọn yunifásítì wọn ń náwó lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí èdè wọn má baà kú.

Ìṣòro tiwa náà kò jìnnà sí i. Abẹ́òkúta, nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní ọdún 1859. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan, títí tó fi kógbá sílé ní 1867. Ẹni tó bá ka Yorùbá ayé ìgbà náà yóò rí i pé wọ́n ń kọ "aiye" àti "enia", nígbà tí àwa ń kọ "ayé" àti "ènìyàn" lẹ́yìn tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. Kódà ìlú Ọ̀tà gan-an, "Otta" ni wọ́n ń kọ ọ́ láyé àtijọ́, ẹ sì lè rí i bẹ́ẹ̀ lára pátákó mìíràn títí dòní. Ojú ènìyàn mọ̀ pé ìlú kan náà ni, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ìlú méjì ni.

Ohun tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀

Ẹ wo ọ̀rọ̀ márùn-ún yìí: owó tí ẹ ń pa, òwò tí ẹ ń ṣe, ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣe é, ọ̀wọ̀ tí oníbàárà ń bù fún yín, àti ọwọ̀ tí ẹ fi ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ yọ àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ kúrò, gbogbo wọn á di "owo". Bákan náà ni Ọ̀tà tó jẹ́ ìlú, ọ̀tá tó jẹ́ abínúkú ẹni, àti ọta tó ń jáde lẹ́nu ìbọn.

Àwa ń fi òye ọ̀rọ̀ tó yí i ká mọ ìyàtọ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní òye yẹn, àfi tí wọ́n bá kọ́ ọ. Bí ẹ ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Wọn á kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbólóhùn tí àmì rẹ̀ pé jọ, wọn á yọ àmì náà kúrò, wọn á wá ní kí ẹ̀rọ dá a padà. Níbi tó bá ti kùnà, wọn á fi èyí tó tọ́ hàn án, kó tún un ṣe. Bó bá ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, á mọ̀ pé "owo" tó tẹ̀ lé "san" kì í ṣe ọwọ̀ ìgbálẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó wà nídìí ẹ̀

Iroro Orife gbé iṣẹ́ kan jáde lórí dídá àmì Yorùbá padà báyìí ní 2018. Bíbélì wà lára ìwé tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà. Ní Ìbàdàn, Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá dá àjọ African Languages Technology Initiative sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. David Adelani kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Saarland ní Jámánì. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé MENYO-20k jáde ní 2021, ìyẹn àkójọ gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tó tó 20,000. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe dá orúkọ ènìyàn, ìlú àti ilé iṣẹ́ mọ̀ nínú ìròyìn ní èdè ilẹ̀ Áfíríkà mẹ́wàá, Yorùbá sì wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ ká kíyè sí nǹkan kan níbí. Ohun tí ẹ̀rọ bá kà ló mọ̀. Bó bá jẹ́ Bíbélì àti ìròyìn ló kà jù, èdè ìwàásù àti ti ìròyìn ni yóò gbọ́. Yorùbá tí a fi ń ná ọjà lábẹ́ bíríìjì Sango, àti ẹ̀ka èdè Àwórì tí àwọn onílé ń sọ ní Ọ̀tà, kò ní yé e dáadáa. Bí báǹkì tàbí ilé iṣẹ́ ńlá bá wá gbé ẹ̀rọ tó ń dáhùn oníbàárà jáde lọ́jọ́ kan, ta ni yóò yé, ta ni kò ní yé?

Ta ló ń sanwó?

Ẹni tó bá rí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé tó ní onígbọ̀wọ́, wọn á san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọn á tún fún un lówó tí yóò máa fi jẹun fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nílé níbí, TETFund, tí òfin ọdún 2011 gbé dúró, ti rán ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba lọ gboyè. Yunifásítì Covenant àti Bells tó wà ní Ọ̀tà kò sí lára èyí, nítorí ti aládàáni ni wọ́n.

Inú èrè àwọn ilé iṣẹ́, títí kan àwọn ńláńlá tó wà lágbègbè wa, ni owó TETFund ti ń wá. Ìdá 2% ni owó orí ẹ̀kọ́ náà tẹ́lẹ̀, ó di 2.5% ní 2021, ó sì di 3% ní 2023. Òfin tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025 fi owó ìdàgbàsókè 4% rọ́pò rẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2026, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ti TETFund. Òfin náà yọ àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké sílẹ̀.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Èkíní, ẹ má ṣe gbé ohun tí Google bá túmọ̀ lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Láti 2013 ni Yorùbá ti wà lórí rẹ̀, ó sì ń ṣàṣìṣe síbẹ̀. Ká ní ẹ tẹ bébà 5,000 tí ẹ fẹ́ lẹ̀ mọ́ ike ọjà yín, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦20. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ₦100,000 ti wọgbó nìyẹn. Ẹ fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa kó kà á ná.

Èkejì, ẹ máa fi àmì sí orúkọ ọjà yín. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ tí a bá kọ bó ṣe tọ́ níbi gbogbo ni ẹ̀rọ á tètè dá mọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gba ohùn yín sílẹ̀ tàbí kó ìwé ìṣirò yín lọ, ẹ béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, ẹni tí yóò jẹ́ tirẹ̀, àti ohun tó máa kàn yín níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀. Ọjà ni èdè yín jẹ́ fún wọn, ẹnikẹ́ni kì í sì í ta ọjà láìná an.

Ẹ̀kẹrin, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, ẹ má lé e kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ojúlówó onígbọ̀wọ́ kì í ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sanwó sínú àpò ẹnì kan kó tó rí ẹ̀bùn náà gbà. Ẹni tó bá ní kí ẹ ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀, ẹ sá fún un.

Owó ni a ń wá o, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ owó sí ọwọ̀, ọwọ̀ ló máa kù sí i lọ́wọ́. Kí Ọlọ́run bù sí òwò wa.